Ted Kennedy: iṣẹ́ ọdún 46 àti òru ọjọ́ kan ní Chappaquiddick

Ọ̀pìtàn kọ pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Mo fẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò lórí Edward Kennedy, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ted, ẹni tí jẹjẹrẹ inú ọpọlọ pa ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 77, lẹ́yìn tó ti ṣojú ìpínlẹ̀ Massachusetts nílé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà fún ọdún tó lé ní 46. Kìnnìún ilé aṣòfin ni ọ̀pọ̀ ń pè é nígbà tó kú. Àmọ́ àwọn kan wà tí wọn kì í gbọ́ orúkọ rẹ̀ kí wọ́n má rántí Mary Jo Kopechne.

Fún ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà, èyí ni ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní òru ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 1969, Kennedy wa ọkọ̀ já bọ́ sínú omi láti orí afárá onípákó kékeré kan tí kò ní irin ààbò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ní erékùṣù Chappaquiddick, ní Massachusetts. Kopechne, ọmọ ọdún 28, tó ti bá Robert, ẹ̀gbọ́n Kennedy, ṣiṣẹ́ ìpolongo ìbò ní 1968, ni wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ náà. Kennedy rí ọ̀nà jáde, Kopechne kò rí. Aṣòfin náà kò sì fi ọ̀rọ̀ náà tó ọlọ́pàá létí fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá, títí tí ilẹ̀ fi mọ́ tí àwọn tó wá pẹja ti rí ọkọ̀ náà lábẹ́ omi.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé a lè gbé iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ṣe fún ìlú sórí òṣùwọ̀n kan náà pẹ̀lú ohun tó ṣe lóru ọjọ́ yẹn àti àwọn ìwà mìíràn tí a mọ̀ mọ́ ọn, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní "àléébù ara ẹni"? Bí a bá lè ṣe é, ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti di òṣùwọ̀n náà mú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí a sọ ọ́ di ìjà ẹgbẹ́ òṣèlú.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà fèsì pé:

Ẹ ṣeun tí ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Apá ìlera ni n óò ti mú un, nítorí ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti ṣiṣẹ́ jù lọ. Ní 1973, wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 12, nítorí jẹjẹrẹ inú egungun. Ó sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà pé nílé ìwòsàn tí ọmọ òun ti ń gba ìtọ́jú ni òun ti ń gbọ́ tí àwọn òbí mìíràn ń bi dókítà léèrè pé, bó bá jẹ́ ìdajì oògùn náà ni agbára àwọn ká, báwo ni ìrètí ọmọ àwọn ṣe máa rí. Ọ̀pọ̀ olówó ló ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí tí wọ́n sì kọjá lọ. Kennedy kò kọjá lọ.

Ní 1990, ó wà lára àwọn tó gbé òfin ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara jáde, òfin tó sọ ọ́ di dandan kí ilé iṣẹ́, ọkọ̀ èrò àti ilé ìjọba ṣe é lò fún ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ. Ní ọdún kan náà, òun àti Orrin Hatch, aṣòfin àgbà láti ẹgbẹ́ alátakò, Republican, jọ gbé òfin ìtọ́jú àwọn tó ní àrùn Éèdì kalẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ olóṣèlú kò tíì fẹ́ dárúkọ àrùn náà ní gbangba. Ní 1997, àwọn méjèèjì yìí kan náà ló tún fi owó orí tábà ṣe ìpìlẹ̀ ètò ìlera fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò tòṣì tó láti gba ìrànlọ́wọ́ ìjọba, tí wọn kò sì lówó tó láti ra ètò ìlera fúnra wọn. Ọmọ ọlọ́mọ tí ètò yẹn gbà là kò lóǹkà.

N kò sọ pé ohun tó ṣe ní 1969 dára. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí a bá fi òru kan ṣoṣo pe gbogbo ìgbésí ayé èèyàn, a kò ṣe òdodo.

Amòfin fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n mi Nọ́ọ̀sì, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òru náà dáadáa kó tó di pé a pè é ní òru kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti rì, Kennedy fi ẹsẹ̀ rìn padà síbi àpèjẹ tí wọ́n ti wá. Ó kọjá lẹ́bàá ilé tí èèyàn ń gbé, kò kan ilẹ̀kùn kankan. Ó pe ìbátan rẹ̀ kan àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jáde, àwọn méjèèjì sì jẹ́ amòfin bí èmi. Wọ́n bá a padà sí etí omi náà, wọ́n gbìyànjú láti wọ inú omi, wọn kò rí obìnrin náà mú jáde, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ké sí panápaná tàbí ọlọ́pàá nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn ìyẹn ni Kennedy lúwẹ̀ẹ́ sọdá sí ìlú Edgartown, ó lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì tó dé sí, ó sì wà níbẹ̀ di àárọ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé orí òun ti gbá nǹkan, pé ọkàn òun kò sì pa pọ̀. A lè gbà á gbọ́ fún wákàtí kan, bóyá méjì. Mẹ́wàá ńkọ́? John Farrar, òmùwẹ̀ tó gbé òkú náà jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbà pé atẹ́gùn díẹ̀ ṣẹ́kù nínú ọkọ̀ náà, pé obìnrin náà lè má kú lójú ẹsẹ̀. Wọn kò ṣe àyẹ̀wò òkú tó lè fìdí ohunkóhun múlẹ̀ kí wọ́n tó sin ín.

Wàyí o, ìyà wo ló jẹ? Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje, ó gbà nílé ẹjọ́ pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn kíkúrò níbi ìjàǹbá. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù méjì fún un, wọ́n sì ní kó má lọ sẹ́wọ̀n náà. Adájọ́ James Boyle ní ìyà tí ó ti jẹ tí ó sì máa tún jẹ ju èyí tí ilé ẹjọ́ òun lè fi jẹ ẹ́ lọ. Èmi ti dúró níwájú adájọ́ pẹ̀lú awakọ̀ táa kò mọ bàbá rẹ̀ níbì kankan; n kò tíì gbọ́ kí adájọ́ bá irú wọn kẹ́dùn bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ gbólóhùn náà, "àléébù ara ẹni". Kí èèyàn máa mutí jù, àléébù ara ẹni ni. Kí orúkọ ìdílé àti ipò ìjọba dúró láàárín èèyàn àti òfin, ọ̀rọ̀ ìlú ni, ó sì yẹ kó wà nínú ìwé kan náà tí a ń ka iṣẹ́ ìlú rẹ̀ sí.

Onísùúrù fèsì pé:

Ẹ jẹ́ kí òkú sùn. Kopechne ti kú, Kennedy náà ti kú, Ọlọ́run nìkan ló kù tó mọ òtítọ́. Ìdájọ́ kò sí lọ́wọ́ wa.

Ọ̀pìtàn fèsì pé:

Bàbá Onísùúrù, bó bá jẹ́ bàbá onílé kan ni, mo máa gbà pẹ̀lú yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìbò fún ọdún tó lé ní 40 ti fúnra rẹ̀ sọ pé kí ìlú ṣèdájọ́ òun. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dájọ́ rẹ̀ gan-an, ó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní ohun tí òun ṣe kò ní àwíjàre, ó sì bi àwọn ará Massachusetts bóyá kí òun fipò sílẹ̀ tàbí kí òun dúró.

Arìnrìnàjò fèsì pé:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Mo ní láti jẹ́wọ́ ibi tí mo dúró sí kí n tó sọ ohunkóhun: físà lọ́tìrì ni mo fi dé Amẹ́ríkà, inú òfin ọdún 1990 ni lọ́tìrì náà sì ti jáde. Kennedy ló gbé àbá òfin yẹn wá sí ilé aṣòfin àgbà. Ṣáájú ìyẹn, ní 1965, nígbà tí kò tíì lo ju ọdún mẹ́ta lọ nílé, òun ni wọ́n fi ṣe atọ́kùn òfin tó fòpin sí ètò tí Amẹ́ríkà fi ń ka iye èèyàn tó lè wọlé láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ètò tó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu fún àwọn ará àríwá àti ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í pa mọ́ àwọn ará Éṣíà àti Áfíríkà. Ó fi dá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú nígbà náà pé òfin náà kò ní yí bí ìlú ṣe rí padà. Ó yí i padà o, èmi náà wà lára ìyípadà náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Gúúsù Áfíríkà kún un. Ní oṣù Kìíní ọdún 1985 ó lọ síbẹ̀ nígbà tí Mandela ṣì wà lẹ́wọ̀n, wọn kò sì jẹ́ kó rí Mandela. Nígbà tó padà, ó wà lára àwọn tó ti òfin ìfìyàjẹ ìjọba apartheid lẹ́yìn. Ààrẹ Reagan kọ̀ láti fọwọ́ sí i ní 1986. Ilé aṣòfin àgbà fi ìbò 78 sí 21 borí ìkọ̀sílẹ̀ náà.

Ǹjẹ́ èmi tí mo jẹ nínú oore rẹ̀ lè ṣe adájọ́ rẹ̀? N kò rò bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò parí sórí ìwé.

Amòfin fèsì pé:

Arìnrìnàjò, ọ̀rọ̀ òótọ́ lẹ sọ, ibẹ̀ gan-an sì ni òṣùwọ̀n tí Ọ̀pìtàn ń wí ti máa ń wọ́. Ẹni tó gba oore yàtọ̀ sí ẹni tó jìyà. Ẹ̀yin rí físà. Àwọn òbí Kopechne, tí kò bí ọmọ mìíràn, gba òkú. Ẹni ṣu ní í gbàgbé, ẹni kó kì í gbàgbé. Bí ènìyàn bá jẹ yín ní gbèsè, tí ó sì lọ fi owó náà tọrẹ fún ẹgbẹ̀rún èèyàn mìíràn, gbèsè yín ṣì wà nílẹ̀.

Ìyá_Olóòótọ́ fèsì pé:

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ilé méjì ni ọkùnrin náà ní, pé ó ń ṣe iṣẹ́ ìlú nínú ọ̀kan, ó ń hu ìwà tirẹ̀ nínú èkejì. Ọdún 1991 fi hàn pé irọ́ ni.

Ní àkókò Ọdún Àjíǹde ọdún yẹn, Kennedy jí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan àti ọmọkùnrin tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bí lóru ní Palm Beach, ní ìpínlẹ̀ Florida, ó ní kí àwọn jọ jáde lọ mutí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, obìnrin kan ti fẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ kan ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà. Ilé ẹjọ́ dá ọ̀dọ́kùnrin yìí láre ní oṣù Kejìlá, nítorí náà n kò ní fi ẹ̀sùn kankan kàn án. Aṣòfin ẹni ọdún 59 tó ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ilé ọtí láàárín òru ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, tí ẹjọ́ náà kò tíì parí, Anita Hill wá síwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ilé aṣòfin àgbà, ó ṣàlàyé bí Clarence Thomas, tí wọ́n fẹ́ fi ṣe adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ, ṣe máa ń bá òun sọ ìsọkúsọ níbi iṣẹ́. Thomas sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kennedy wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn. Ní ọdún mẹ́rin ṣáájú, nígbà tí Reagan yan Robert Bork fún irú ipò náà, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 lọ tí Kennedy ti dìde tó sì fi ọ̀rọ̀ jó Bork níná. Ní ti Hill, ẹ wo fídíò rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ń bi obìnrin náà ní ìbéèrè tí èèyàn kò lè gbọ́ kó má tijú, Kennedy sì jókòó, ó dákẹ́ fún èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò náà. Ẹnu wo ni ì bá fi sọ̀rọ̀? Ẹni tí àwọn obìnrin ń wò pé ó máa gbà wọ́n sílẹ̀ kò lè la ẹnu, nítorí bó bá là á, Chappaquiddick àti Palm Beach ni wọ́n máa fi dá a lóhùn. Wọ́n fi ìbò 52 sí 48 yan Thomas.

Ohun tí mo rí lójú mi nìyẹn, tí n kò lè gbàgbé. Ìwà rẹ̀ wọ inú iṣẹ́ rẹ̀, ó sì dí i lẹ́nu lọ́jọ́ tí a nílò ẹnu rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà fèsì pé:

Ìyá wa, ẹ lù mí lẹ́nu pa lórí ti 1991. Àmọ́ ẹ rántí ohun tó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n yan Thomas, Kennedy dìde ní Yunifásítì Harvard, ó ní òun mọ àléébù òun nínú ìgbésí ayé òun, pé òun nìkan ló fà á, òun nìkan ló sì gbọ́dọ̀ kojú rẹ̀. Ó fẹ́yàwó ní ọdún tó tẹ̀ lé e, a kò sì gbọ́ irú ìròyìn Palm Beach mọ́ títí tó fi kú. Ètò ìlera àwọn ọmọdé wáyé lẹ́yìn ìyẹn. Ìbò tó dì ní 2002 láti tako ogun Iraq, nígbà tí aṣòfin àgbà 23 péré ló tó bẹ́ẹ̀ láyà, wáyé lẹ́yìn ìyẹn. Ṣé kò ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rí ọkàn ló ń ti ọkùnrin náà síṣẹ́, pé ó ń fi gbogbo òfin wọ̀nyí san díẹ̀díẹ̀ nínú ohun tó jẹ?

Amòfin fèsì pé:

Àlàyé ètùtù yìí dùn ún gbọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìdárò ló sì lò ó, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí òfin kò bá a mu. Òfin ọdún 1965 ti wáyé ní ọdún mẹ́rin kí ọkọ̀ tó bọ́ sínú omi. Ó ti ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ó sì ti ń ṣe iṣẹ́ ìgbìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò nílé, kó tó mọ ọ̀nà Chappaquiddick. Ó ti jẹ́ aṣòfin rere ṣáájú òru yẹn, ó sì ṣe ohun tó ṣe lóru yẹn pẹ̀lú rere náà lára rẹ̀. Bí a bá ní iṣẹ́ rẹ̀ ni ètùtù, a ti sọ ikú ọmọbìnrin yẹn di ohun tó ṣe ìlú láǹfààní, èmi kò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ fèsì pé:

Ọ̀pìtàn béèrè ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti di òṣùwọ̀n mú. Àwọn kan ti dì í mú rí, ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n.

Àwọn ará Massachusetts dìbò yàn án padà ní 1970, ọdún kan péré lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn aṣòfin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀: ní oṣù Kìíní ọdún 1971, wọ́n gba ipò igbákejì olórí ẹgbẹ́ wọn nílé lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún Robert Byrd. Nígbà tó sì gbìyànjú láti gba tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ lọ́wọ́ Jimmy Carter ní 1980, orúkọ erékùṣù yẹn ń tẹ̀ lé e ká gbogbo ìpínlẹ̀, ó sì pàdánù. Lójú mi, ohun tí àwọn olùdìbò ń sọ ni pé, ṣiṣẹ́ fún wa, ṣùgbọ́n a kò ní fi ọ sórí oyè tí wọn ti máa pe ìwọ nìkan lóru bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ìdájọ́ náà kò burú fún èrò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò forí korí.

Amòfin fèsì pé:

Olùkọ́, ẹ rántí pé wọ́n dìbò 1970 yẹn lẹ́yìn tí ìwádìí ti wáyé ní bòńkẹ́lẹ́ ní oṣù Kìíní. Boyle kọ ọ́ sínú àbájáde ìwádìí náà pé ó jọ pé Kennedy wa ọkọ̀ pẹ̀lú àìbìkítà, ó sì ní kì í ṣe pé ó ṣìnà dé orí afárá yẹn gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ. Àwọn ará ìlú tí wọ́n kó jọ ní oṣù Kẹrin láti pinnu bóyá ẹjọ́ mìíràn wà, wọn kò jẹ́ kí wọ́n rí ìwé yẹn. Wọ́n tú ká láìfẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ohun tó yẹ kó ṣe kò ju kó fipò sílẹ̀ ní 1969, kí ẹlòmíràn tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ máa bá iṣẹ́ náà lọ.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà fèsì pé:

Ẹlòmíràn wo? Hatch sọ fúnra rẹ̀ pé nítorí kí òun lè bá Kennedy jà ni òun ṣe wá sílé aṣòfin. Ó gba ogún ọdún ìbára-ẹni-ṣe kí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ tó fọwọ́ sí owó orí tábà nítorí ọmọ tálákà. Ẹ dárúkọ aṣòfin mìíràn láti Massachusetts tó lè ṣe é.

Amòfin fèsì pé:

N kò lè dárúkọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ìjókòó yẹn kò ṣófo títí di oṣù Kẹjọ ọdún 2009, nítorí náà kò sí ẹni tó lè mọ ẹni tí ì bá jókòó síbẹ̀.